Oògùn tí kò ní èèwọ̀ ló ń ba fíìmù wa jẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn fíìmù ìṣẹ̀ǹbáyé tó gbòde láti 2022 ni mo mú wá. Àwọn tí kò fẹ́ràn wọn a máa ní oògùn ti pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Oògùn kò pọ̀ jù. Èèwọ̀ rẹ̀ ni wọn kì í fi sí i.

Oníṣègùn wo ló ń gbé oògùn fúnni láìsọ èèwọ̀ rẹ̀? Má fi kanlẹ̀, má jẹ́ kí òjò pa á, má jẹ ẹran báyìí. Bí oògùn bá ti ní ibi tó ti lè bàjẹ́, òǹwòran á máa ṣọ́ ibẹ̀. Ìṣọ́ yẹn gan-an ló ń mú wa jókòó.

Ẹ wo Ṣaworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí ní 1999. Òfin inú rẹ̀ kò pọ̀. Ọba Jogbo gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́ ìmùlẹ̀ kó tó jọba. Ẹni tí kò bá sín in, tó wá dé adé idẹ, tí wọ́n sì lu ìlù ṣaworoidẹ sí i létí, orí fífọ́ ni yóò pa á. A ti mọ èyí kí ìtàn tó jìnnà, nítorí náà, gbogbo ìgbà tí adé bá jáde la ń wá onílù kiri. Nígbà tí sọ́jà fi ìbọn gbàjọba, tó gbé adé lé orí láìbéèrè, kò sẹ́ni tó tún nílò àlàyé. Kò sí iná kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fò sókè. Ìlù ni, àti ojú ẹni tí orí ń fọ́.

The Figurine ti Kunle Afolayan (2009) náà mọ ọ̀nà yìí. Ọdún méje oríire, ọdún méje òfò. Àwa tí a ń wò ó ń ka ọdún pẹ̀lú wọn ni. Nínú Aníkúlápó tiẹ̀ (2022), gbólóhùn kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ẹ̀ dúró: inú àdó ẹyẹ Àkàlà tó bọ́ sọ́wọ́ Sàró ni agbára àtijí òkú wà, kò sí nínú Sàró fúnra rẹ̀. Ahunṣọ lásán ni. Nígbà tó wá di ẹni tó ń béèrè ọmọ ọba kó tó jí òkú, tí Arọ́lákẹ́ ìyàwó rẹ̀ sì da ohun tó wà nínú àdó nù, ìdájọ́ ti dé kó tó mọ̀. Ìdí nìyí tí àtẹ̀lé rẹ̀ oníṣẹ̀lẹ̀ mẹ́fà tó jáde ní 2024 fi já mi kulẹ̀. Ẹni tí ìtàn ti dá lẹ́jọ́ tán ni wọ́n tún rán padà wá sáyé. Gbèsè tí a ti rí i pé ó san ni wọ́n tún ní kó wá san.

Jagun Jagun (2023) ló dùn mí jù, nítorí ohun tó dára pọ̀ nínú rẹ̀. Aṣọ ibẹ̀ dára, ìjà ibẹ̀ dára, ohùn Femi Adebayo gẹ́gẹ́ bí Ògúndìjì sì tó bani lẹ́rù. Ṣùgbọ́n bí Ògúndìjì bá ní Agẹmọ tó lè dá kojú odidi ogun, kí ló tún ń fi ọmọ ogun ṣe? Igi ń gbọ́ ti Gbọ́tìjà, ọ̀dọ́kùnrin akọni inú fíìmù náà. Igi wo ni kò ní í gbọ́ tirẹ̀, nígbà wo ni kò sì ní í gbọ́? Bí a kò bá ti mọ ibi tí agbára pin sí, ẹni tó pariwo jù la ó máa rò pé ó borí.

Ọ̀rọ̀ mi lórí fíìmù Lísàbí kò gùn. Ìtàn Ẹ̀gbá fúnra rẹ̀ ti fún wọn ní ohun tó ju oògùn lọ: àáró. Abẹ́ iṣẹ́ oko ni ọkùnrin yẹn ti kó ọmọ ogun jọ lójú àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn aṣojú ọba Ọ̀yọ́. Kí ló dé tí wọ́n gé irú ìtàn báyìí sí méjì, ìdajì kan ní 2024, ìdajì kejì ní 2025?

Ó tún ku ọfọ̀. Orí ìró ọ̀rọ̀ ni ọfọ̀ dúró lé, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn tó ń to ohùn fíìmù ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á da gbohùngbohùn lé e lórí kó lè bani lẹ́rù, ohùn á máa padà wá bá ara rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ kan á bọ́ sórí ohùn òkè èkejì. Nínú fíìmù ogun, ọ̀kọ̀ á di ọkọ́. Kí wọ́n fi gbohùngbohùn sí ọ̀rọ̀ ìparí nìkan, ó tó. Kí wọ́n sì yé fi dùndún sábẹ́ ọfọ̀: dùndún ń sọ̀rọ̀, ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yẹn. Máíkì kékeré tí wọ́n ń há sábẹ́ aṣọ náà kò bá òfì rẹ́, nítorí òfì le, á máa ha á. Wọ́n á wá tún ohùn gbà ní situdíò, ẹnu òṣèré kò sì ní í bá ọ̀rọ̀ mu mọ́. Máíkì orí ọ̀pá ló yẹ irú ìran bẹ́ẹ̀.

Ìtumọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ náà ńkọ́? Ìlànà Netflix ni pé ìlà kan kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 42 lọ, ìlà méjì péré lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 7 lọ lójú. Ààyè yìí kéré fún ọfọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí òṣèré bá ní “ìyeyè ló ní kí n yè,” tí atúmọ̀ wá fi orúkọ èso náà lédè Òyìnbó rọ́pò ìyeyè, okùn ọ̀rọ̀ náà ti já. Kí ó fi “ìyeyè” àti “yè” sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kó túmọ̀ ìyókù. Àjèjì á fojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀kan wà nínú èkejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù, ẹ fún atúmọ̀ ní ìwé ọfọ̀ náà pẹ̀lú àmì ohùn lórí, kí ẹ tó fún un ní fídíò.

Èmi ni tiyín,
Òǹwòran fíìmù kan, Ìbàdàn