Kì í ṣe ìgbín, kì í sì í ṣe ti Ogbómọ̀ṣọ́

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ fọ́tò kan tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Òkúta kan tó ká bí òṣùká ni, ẹ sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ìgbín ayé àtijọ́ tó di òkúta ní Ogbómọ̀ṣọ́ ni. Ọwọ́ mi ni òkúta náà wà títí di òní. Kì í ṣe ìgbín, a kò sì rí i ní Ogbómọ̀ṣọ́. N kò di ẹ̀bi rẹ̀ ru yín, nítorí èmi gan-an ni mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan láìkọ ohunkóhun sí i, òun náà fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ìgbín kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Àwa márùn-ún, olùkọ́ méjì tó ti fẹ̀yìn tì àti ọ̀dọ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ òkúta wù, ni a wọ ọkọ̀ ní Ogbómọ̀ṣọ́, tí a gba Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta, kí a tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì. A tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ibẹ̀. Wọ́n ní kí a má sún mọ́ ògiri kòtò rárá, kí a máa ṣà nínú òkìtì tí wọ́n ti dà sí ẹ̀gbẹ́. Inú òkìtì yẹn ni a ti rí òkúta inú fọ́tò náà, pẹ̀lú eyín ẹja ṣáàkì méjì tó ṣì ń dán, àti òkúta róbótó kan tí n óò padà sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ká ní ìgbín ni, ihò kan ṣoṣo ni ì bá wà nínú rẹ̀ láti ẹnu títí dé ìdí. Ṣùgbọ́n òkúta yìí ní ilà tó dábùú ẹ̀yìn rẹ̀ léraléra, ibi tí ilà kọ̀ọ̀kan sì wà ni ògiri yàrá kan wà nígbà tí ẹran náà ń bẹ láàyè. Yàrá tó wà lẹ́nu ni ẹran náà fúnra rẹ̀ ń gbé. Bí ó bá ṣe ń dàgbà, a máa sún síwájú, a máa mọ ògiri tuntun sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, atẹ́gùn tó wà nínú àwọn yàrá tó fi sílẹ̀ ni ó sì ń jẹ́ kó lè léfòó nínú òkun. Ìkarahun gidi ti yòrò lọ. Ẹrẹ̀ tó wọ inú rẹ̀ tó sì le ni a dì mú lónìí. Ẹbí nautilus ni ẹran yìí, octopus, ẹran òkun ọlọ́wọ́ mẹ́jọ nì, sì bá a tan ju ìgbín lọ. Àwọn ọmọ ẹbí náà tó kù láyé ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà wo fóònù rẹ̀, ó ní ammonite ni, ẹran òkun ayé àtijọ́ kan tí ìkarahun tirẹ̀ náà ká. Ó kúkú sún mọ́ ọn, nítorí ammonite náà ń mọ yàrá bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo àwọn ilà náà dáadáa: ti ammonite a máa lọ́ wọ́kọwọ̀kọ bí etí ewé tí kòkòrò ti jẹ, ṣùgbọ́n tiwa yìí kàn tẹ̀ díẹ̀ ni, bí okùn tí a sá aṣọ sí. Ẹ̀rí kejì ni ibi tí a ti rí i. Àwọn ammonite run láyé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, ní àkókò kan náà tí dinosaur run, ẹ̀yìn ìgbà náà sì ni òkúta Ewékorò ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ nísàlẹ̀ òkun, ní sáà tí wọ́n ń pè ní Paleocene, èyí tó parí ní nǹkan bí mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí òkúta náà ti wá kò lè lo ẹ̀rí kejì yìí, ìdí nìyẹn tí orúkọ ìlú tí ẹ kọ sábẹ́ fọ́tò fi dùn mí ju orúkọ ẹran lọ.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń fi fọ́tò náà jiyàn pé òkun ti bo ìlú wa rí. Òkúta akọ ni ó pọ̀ jù ní Ogbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́; inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú ooru líle, ni ó ti dì, ó sì ti wà fún ohun tó ju mílíọ̀nù 500 ọdún lọ. Ìkarahun kì í wà nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i nínú kànga rẹ̀ níhìn-ín, kó kọ́kọ́ bi àwọn ará ilé ta ló jù ú síbẹ̀.

Ní ti òkúta róbótó, bàbá kan ládùúgbò gbé e lọ́wọ́, ó rí ilà márùn-ún tó pín in láti òkè, ó sì bi mí bóyá ẹdùn àrá ni. Ẹran òkun kan tó lẹ́gùn-ún lára bí òòrẹ̀ ni nígbà ayé rẹ̀, àwọn ẹ̀gún náà ló ti já dànù. N kò rẹ́rìn-ín sí bàbá, nítorí àwọn ará Denmark àtijọ́ náà ń pe irú òkúta yìí gan-an ní òkúta àrá, wọ́n sì ń fi í pamọ́ sílé kí àrá má baà sán lù wọ́n. Ẹdùn àrá tiwa, àáké òkúta tí àwọn ará ìgbàanì fi ọwọ́ lọ̀ ni àwọn awalẹ̀pìtàn pè é. Èyí tó wà lójúbọ Ṣàngó kì í sì í ṣe ohun tí èmi yóò lọ tú wò.

Mo ti wá fi yíǹkì kọ nọ́ńbà sí ìdí òkúta kọ̀ọ̀kan báyìí, mo sì kọ ibi tí a ti rí i àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún fọ́tò náà tẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ìkarahun ẹbí nautilus, sáà Paleocene, Ewékorò, Ìpínlẹ̀ Ògùn.” Ẹ má fi orúkọ mìíràn kún un, nítorí ẹnu rẹ̀ ti kán, ibẹ̀ sì wà lára ohun tí onímọ̀ yóò wò kó tó lè sọ irú nautilus tó jẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ogbómọ̀ṣọ́.