"Fluffy" kọjá "rọ̀" lásán

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe Òyìnbó kan ló mú ká kọ̀wé yìí, ìyẹn "fluffy". Àwọn tó ń túmọ̀ ìlànà oúnjẹ, ìpolówó aṣọ àti ìtàn àwọn ọmọdé sí Yorùbá sábà máa ń pè é ní "rọ̀", wọ́n á sì kọjá lọ. "Rọ̀" kò tó, ibi tí kò ti tó yẹn ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ òǹkàwé lọ́wọ́.

Ẹ wo kéèkì. Ìlànà ní kí a lu bọ́tà àti ṣúgà pọ̀ títí yóò fi di "light and fluffy". Bí a bá kọ ọ́ pé "títí yóò fi rọ̀", kíá ni ẹni tó ń kà á yóò dáwọ́ dúró, nítorí bọ́tà tí a ti gbé kúrò nínú fíríjì tipẹ́ ti rọ̀ kí ṣíbí tó kàn án. Afẹ́fẹ́ ni gbólóhùn yẹn ń béèrè. Hóró ṣúgà ló ń la bọ́tà, tí afẹ́fẹ́ fi ń ráyè wọlé, tí àdàlù náà fi ń wú, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń sún mọ́ funfun. Bí a bá fi míkísà oníná ṣe é, ó sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ọwọ́ lásán máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́tà tó ti yọ́ kò lè gbá afẹ́fẹ́ mú, kéèkì rẹ̀ á kì, á sì wúwo. Ẹ kọ ọ́ pé "títí yóò fi wú, tí yóò sì fúyẹ́".

Ti ìrẹsì burú ju ìyẹn lọ. "Fluffy rice" ni ìrẹsì tó jinná, tí hóró rẹ̀ dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò lẹ̀ mọ́ra. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ìrẹsì "rọ̀" yóò tún bu omi sí i, yóò sì sè é títí yóò fi rà, èyí tí Òyìnbó ń pè ní "mushy". Òdì kejì ohun tí a ní kó ṣe gan-an nìyẹn! Bí wọ́n bá sì ní "fluff the rice with a fork", kí a rọra fi fọ́ọ̀kì tú hóró rẹ̀ ká ni, kì í ṣe kí a rò ó bí ọbẹ̀.

Kí a tó pe nǹkan ní "fluffy", ó gbọ́dọ̀ rọ̀, ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ tàbí láàárín irun, òwú, ìyẹ́ tàbí hóró rẹ̀. Omi ni ẹ fi dán an wò. Ọmọ ológbò onírun púpọ̀ jẹ́ "furry", ó tún jẹ́ "fluffy". Bí òjò bá pa á tí irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara, "furry" ṣì kù, "fluffy" ti lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ ìnura tó tutù: ó ṣì rọ̀, ṣùgbọ́n kò wú mọ́.

Àwọn nǹkan mìíràn rọ̀, síbẹ̀ wọn kì í ṣe "fluffy". Ẹran tó rọ̀ lẹ́nu, "tender" ni. Èso tó dẹ̀, "soft" ni. Aṣọ tó ń jọ̀lọ̀, "silky" ni. Tìmùtìmù fóòmù tí a tẹ̀ tó sì padà, "spongy" ni.

Gírámà rẹ̀ náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ìṣe ni "rọ̀" lédè wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ "The towel fluffy", wọ́n á sì gbàgbé "is". Bó bá ń yán ọ̀rọ̀ orúkọ, iwájú rẹ̀ ló ń dúró, ṣáájú àwọ̀ àti lẹ́yìn ìwọ̀n: "a big fluffy white towel". "Fluffier" àti "fluffiest" ni fún ìfiwéra; "f" méjì yẹn kò gbọ́dọ̀ di ẹyọ kan. Lẹ́nu, fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ sún mọ́ "ọ" wa ju "u" lọ, kí a má sì ki "ú" bọ àárín "f" àti "l".

Ẹ ṣọ́ra o, "a fluffy speech" kì í ṣe oríyìn. Ọ̀rọ̀ tó wú lójú tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ni: afẹ́fẹ́ kan náà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí àbùkù ni. Bí wọ́n bá sì ní òṣèré kan "fluffed his lines", ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ lórí ìtàgé ni. Kò sí ohun tó rọ̀ níbẹ̀.

A kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó lè gbé gbogbo rẹ̀, a kò sì rò pé ó yẹ ká máa wá a. Ohun tí à ń ṣàpèjúwe ni kí olùtumọ̀ wò: "rọ̀ bí òwú" fún aṣọ àti ìkúùkuu, "rọ̀ bí ìhùhù" fún ọmọ ẹyẹ, "wú, ó sì fúyẹ́" fún ohun tí a lù, "dá dúró ní hóró hóró" fún ìrẹsì. Bí ẹ bá lè fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ ojú ewé oúnjẹ yín, inú wa á dùn.

Àwa òǹkàwé yín tó ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀