Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọ̀dọ́: ẹ máa béèrè ẹni tó fa ààlà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìsapá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ka jọ́gíráfì sí ẹ̀kọ́ orúkọ òkè àti odò, ohun tí èèyàn ń há sórí fún ìdánwò, tó sì ń gbàgbé kó tó délé. Mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ di dókítà, lọ́yà, akọ̀ròyìn tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kó máa wà lẹ́nu yín nígbàkigbà tí wọ́n bá ka iye jáde pé báyìí ni àrùn ṣe pọ̀ tó ní ibi báyìí, tàbí pé báyìí ni olùdìbò ṣe pọ̀ tó: ta ló fa ààlà ibẹ̀, ta ló kó sínú, ta ló sì tì síta?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Flint, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Láti Detroit ni omi ẹ̀rọ wọn ti ń wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, àwọn aláṣẹ pa á dà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fa omi odò Flint kí owó tí wọ́n ń ná lè dín kù. Wọn kò sì fi èròjà tí kì í jẹ́ kí omi jẹ páìpù sí i. Bí omi náà ṣe ń jẹ páìpù àtijọ́ nìyẹn, tí òjé ara páìpù ń bá a wọ ilé onílé. Òjé kò sì lóore kankan tó ń ṣe nínú ara ọmọ. Ọpọlọ ló máa ń bà jẹ́. Àwọn ará ìlú pariwo títí pé omi ń rùn, pé àwọ̀ rẹ̀ yí padà, pé ara ọmọ àwọn ń sú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ wo àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé, wọ́n ní kò séwu.

Iye tí wọ́n kà kì í ṣe ayédèrú. Ibi tí wọ́n ti kà á ni ọ̀rọ̀ wà. Nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ZIP code ni wọ́n fi pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀wọ́. Nọ́ńbà yìí, àwọn tó ń pín lẹ́tà ni wọ́n ṣe é fún; kò bá ààlà ìlú mu, kò sì mọ ibi tí páìpù gbà. Nínú ilé mẹ́ta tó ń lo nọ́ńbà Flint, bí ọ̀kan ni kò sí nínú ìlú rárá, tí kì í sì í mu omi náà. Ńṣe ló dà bí ẹni tó da omi tútù lu omi gbígbóná kó tó ti ìka bọ̀ ọ́, tó wá ń sọ pé omi kò gbóná.

Dókítà ọmọdé kan, Mona Hanna-Attisha, àti Richard Sadler, onímọ̀ jọ́gíráfì tí wọ́n bí ní Flint, tún iṣẹ́ náà ṣe. Àdírẹ́sì ọmọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n mú, wọ́n gbé e sórí máàpù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wo ẹni tí páìpù ìlú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó pààrọ̀ omi, nínú 100 ọmọ inú ìlú tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 2.4 ni òjé ti pọ̀ jù lẹ́jẹ̀ wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ omi, ó di 4.9. Ó di ìlọ́po méjì! Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni wọ́n gbé e jáde. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ bú dókítà náà pé ńṣe ló ń dá ìpayà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá, wọ́n ti padà sórí omi Detroit. Iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ó gba sùúrù, ó sì gba ẹni tó mọ ìlú náà láti kékeré, tó mọ̀ pé ilé tó wà ní òpin títì báyìí kì í ṣe ará Flint bó ti wù kí àdírẹ́sì rẹ̀ sọ.

Ní Flint, kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ya nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ láti fi bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ní Tuskegee, ìpínlẹ̀ Alabama, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni. Títí di ọdún 1957, onígun mẹ́rin ni ààlà ìlú yìí. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ń pọ̀ sí i. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ kò sọ pé kí wọ́n má dìbò o, nítorí òfin ilẹ̀ wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ààlà ìlú ni wọ́n tún fà. Onígun mẹ́rin di onígun 28, tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín ilé. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe tán, nínú nǹkan bí 400 olùdìbò aláwọ̀ dúdú, mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ló ṣẹ́kù sínú ìlú. Nínú àwọn olùdìbò aláwọ̀ funfun, ẹnì kan ṣoṣo kò bọ́ síta.

Charles Gomillion, olùkọ́ ní Tuskegee Institute, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹjọ́. Ilé ẹjọ́ méjì àkọ́kọ́ dà á nù, pé iṣẹ́ aṣòfin ni ọ̀rọ̀ ààlà, kò kan àwọn. Ní 1960, gbogbo adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà fẹnu kò pé ó kàn wọ́n, pé bí ohun tí olùpẹjọ́ sọ bá jẹ́ òtítọ́, wọ́n ti fi ààlà gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ̀yin ọmọ lọ́yà, ẹ wá ìdájọ́ náà kà. Àwòrán ìlú náà wà ní ìparí rẹ̀, ààlà tuntun nínú ti àtijọ́. Ẹ óò rí i pé òfin 1957 yẹn kò dárúkọ aláwọ̀ dúdú níbì kankan. Ìwọ̀n ilẹ̀ lásán ló kún inú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi ibi tí kálukú ń gbé lé e lórí ni àṣírí tú.

Ààlà tí wọ́n fà lónìí lè máa ṣèpalára nígbà tí àwọn tó fà á ti kú tán. Home Owners' Loan Corporation, iléeṣẹ́ ayánilówó ilé tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1933, ya máàpù àwọn ìlú ńlá: àwọ̀ ewé fún àdúgbò tí wọ́n kà sí èyí tó dára jù, pupa fún ibi tí wọ́n ní ẹni bá yáni lówó ilé níbẹ̀ ń fowó ṣeré. Inú pupa ni àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú sábà máa ń bọ́ sí. Òfin ọdún 1968 ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí fi sátẹ́láìtì wo irú ìlú bẹ́ẹ̀ 108, tí wọ́n sì gbé èsì wọn jáde ní 2020, ilẹ̀ àwọn àdúgbò pupa ṣì fi bí ìwọ̀n 2.6 lórí òṣùwọ̀n Celsius gbóná ju ibòmíràn lọ. Mi ò sọ pé àwọ̀ máàpù ló ń mú ooru wá. Igi kò tó níbẹ̀, ọ̀dà àti kọnkéré ló pọ̀, ooru sì máa ń pa arúgbó àti aláìsàn.

Ìtàn dókítà John Snow àti àrùn onígbáméjì ní London ní 1854, ẹ ti gbọ́ ọ títí ó ti sú yín: ó ya máàpù òkú, máàpù tọ́ka sí ẹ̀rọ omi Broad Street, ó parí. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò bá máàpù náà mu ló kọ́ni lọ́gbọ́n jù. Obìnrin kan kú ní Hampstead, ibi tó jìnnà gan-an sí ẹ̀rọ náà. Wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé adùn omi Broad Street ló wù ú, tí ó fi ń ní kí wọ́n máa gbé e wá fún òun. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí tó wà létí ẹ̀rọ náà gan-an, ẹyọ kan kò kú nínú wọn: ọtí ni wọ́n ń mu, ilé iṣẹ́ wọn sì ní kànga tirẹ̀. Àlùfáà àdúgbò náà, Henry Whitehead, kò gba Snow gbọ́ rárá níbẹ̀rẹ̀. Ó ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn láti fi hàn pé irọ́ ni, àfi bó ṣe wá rí ilé ọmọ ọwọ́ kan tí ìgbẹ́ gbuuru pa, tí ìyá rẹ̀ ń da omi tó fi fọ aṣọ ìlédìí sínú kòtò ẹ̀gbin tó wà lẹ́bàá kànga ẹ̀rọ Broad Street. Máàpù kò lè rí kòtò yẹn. Ẹsẹ̀ àlùfáà yẹn ló rí i.

Ó ku àwọn ọ̀fìn tí ẹ óò máa bá pàdé. Bí àdúgbò bá ní èèyàn mẹ́wàá péré, tí ẹnì kan ṣàìsàn, ìdá mẹ́wàá wọn ló ń ṣàìsàn nìyẹn, yóò sì pọ́n bẹ́lẹ́jẹ́ lórí máàpù bí ẹni pé àjàkálẹ̀ àrùn ló dé. Ẹ béèrè iye èèyàn kí ẹ tó lọ bá àwọn oníròyìn. Bákan náà, pé àdúgbò kan tálákà kò sọ pé tálákà ni ẹni tí ẹ bá pàdé níbẹ̀; ohun tó jẹ́ òtítọ́ nípa àdúgbò lè jẹ́ irọ́ nípa èèyàn. Èyí tó ń ká mi lára jù ni pé ẹnu ọ̀nà ẹnì kan ni àmì kékeré tí ẹ fi sórí máàpù àìsàn. Bí ẹ bá gbé e jáde bó ṣe wà, aládùúgbò rẹ̀ yóò mọ̀ pé òun ni. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń sún àmì náà kúrò lójú ibi tó wà gan-an, tàbí kí wọ́n kó àwọn ilé náà pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè dá ẹnì kan mọ̀. Bó bá bá a mu kí ẹ̀rí dínkù díẹ̀ kí àṣírí aláìsàn má bàa tú, ẹ jẹ́ kó dínkù.

QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ náà ni OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá iye kan tí ìjọba ti gbé jáde tó ní àdírẹ́sì tàbí orúkọ ibi nínú. Ẹ fi ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pín in, kí ẹ gbé máàpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èyí tó bá yàtọ̀ sí méjì yòókù, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Èmi ni,
Àgbà yín tó ń fẹ́ rere fún yín.