Fáọ́ṣà Kì í Ṣe Owó Lójú Adójútòfò

Ìsánlú

Bọ́sẹ̀ ọmọ mi,

Okun o. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, pé fáọ́ṣà, ìwé tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fún yín dípò owó nígbà tí ẹ ò lè wá lọ́dún tó kọjá, lẹ máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá, àti pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ìnṣọ́ránsì wà. Nẹ́tíwọ̀kì já kí n tó fèsì. Èsì náà nìyí.

Ṣé o rántí ìgbà tí mo fẹ́ wá sí Manchester wá bá ọ wẹ ọmọ àkọ́kọ́? O mọ̀ pé mi ò wá. Bí owó yẹn ṣe rìn ni o kò mọ̀, torí mi ò fẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ máa ronú. Físà mi pẹ́ jù, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sì sọ owó tíkẹ́ẹ̀tì mi di fáọ́ṣà. Nígbà tí físà jáde, mo fi fáọ́ṣà náà ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn, mo fi owó díẹ̀ kún un torí ó ti gbówó lórí, mo sì ra ìnṣọ́ránsì. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí n gbéra ni mo yọ̀ ṣubú lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí òjò ti sọ ilẹ̀ di ọ̀bọ̀rọ́. Kókósẹ̀ dá. Dókítà ní Ẹ̀gbẹ̀ kọ̀wé pé mi ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú.

Mo kó ìwé dókítà, mo kó rìsíìtì, mo lọ bá àwọn ìnṣọ́ránsì. Ọmọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ kò rí mi fín rárá, ó tilẹ̀ gbé àga fún mi. Ó kàn béèrè pé, "Mà, èló lẹ yọ lápò yín fún tíkẹ́ẹ̀tì yìí?" Mo na fáọ́ṣà sí i. Ó ní ìyẹn kì í ṣe owó, èyí tí mo fi kún un nìkan ni wọ́n máa san. Adójútòfò ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n sì ní mi ò ṣòfò! Inú bí mi délé. Mo wọ gíláàsì, mo ka ìwé wọn látòkè délẹ̀, ó sì wà níbẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní: fáọ́ṣà, máìlì, póíǹtì (èrè tí wọ́n ń fún ẹni tó ń wọkọ̀ wọn déédéé), wọn kì í san án. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú dá fáọ́ṣà náà padà fún mi, àmọ́ kí ẹsẹ̀ mi tó san, ọjọ́ tí wọ́n dá fún fáọ́ṣà náà ti kọjá.

Gbogbo iléeṣẹ́ kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń san iye fáọ́ṣà, àmọ́ ọ̀pọ̀ kì í san án. Nítorí náà, kọ̀wé sí wọn kí o tó sanwó: bí àìsàn kò bá jẹ́ ká lọ, tó jẹ́ fáọ́ṣà la fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí lẹ máa san? Ímeèlì ni o, má ṣe é lórí fóònù. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣèlérí, ìwé ni wọ́n fi ń kọ̀. Lẹ́yìn náà, béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bóyá wọ́n máa dá fáọ́ṣà náà padà bí ẹ bá fagi lé ìrìnàjò, àti ọjọ́ tí àsìkò fáọ́ṣà náà máa tán. Owó orí tí ìjọba ń gbà lórí tíkẹ́ẹ̀tì àti owó pápákọ̀ òfurufú tí ẹ bá fi káàdì san, ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀, torí owó gidi ni ìyẹn.

Mi ò ní kí ẹ má ra ìnṣọ́ránsì o. Apá ti ọsibítù inú rẹ̀ kò bìkítà bóyá fáọ́ṣà lẹ fi wọkọ̀ tàbí owó. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ rẹ, bí wọ́n bá béèrè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. (Kó má bínú pé mo mọ̀.) Bí ẹ bá fi pa mọ́, tí nǹkan wá ṣẹlẹ̀, wọ́n lè fi ìyẹn kọ̀ láti san.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó wúwo ju fáọ́ṣà lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ ìmọ̀ràn sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ibi tí ará ìlú wọn lè lọ ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀. Wo ohun tí wọ́n kọ nípa ìpínlẹ̀ Kogí wa kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí o sì tún un wò kí ẹ tó gbéra. Bí wọ́n bá ní kí èèyàn má lọ síbẹ̀ àyàfi tó bá pọn dandan, ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì kì í ṣiṣẹ́ mọ́ tí ẹ bá ti wọ ibẹ̀. Ilé bàbá rẹ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ o! Ó dùn mí láti kọ ọ́. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó ń ta ìnṣọ́ránsì tó máa bo irú ibẹ̀. Wá wọn kàn, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀ ló fagi lé ìrìnàjò tí ẹ fi owó yín san láti Manchester, ẹ má kánjú gba fáọ́ṣà mìíràn. Òfin ọ̀dọ̀ yín ní kí wọ́n dá owó padà láàárín ọjọ́ 7, wọn ò lè fi fáọ́ṣà rọ́pò owó náà àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, a máa gbéra lọ sí Àbújá ní ọjọ́ kan ṣáájú. Tírélà sìmẹ́ńtì ọ̀nà Kàbbà sí Lọ́kọ́jà kò mọ aago ẹnikẹ́ni.

Bá mi mú bàtà tí kì í yọ̀ bọ̀, nọ́ńbà 40. Kókósẹ̀ yìí ṣì máa ń ro mí tí òjò bá ṣú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ