Kí awalẹ̀pìtàn ṣáájú katapílà ní Ẹ̀pẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú gan-an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá katapílà kan níbi tó ti ń ti yẹ̀pẹ̀ pupa sínú yàrà Erédò, yàrà àtijọ́ tó ní odi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ìtòsí wa níbí ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀sìtéètì ni wọ́n fẹ́ kọ́. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó wọn pé ilẹ̀ gbígbẹ ni, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dí yàrà! Mo bi ọ̀gá wọn bóyá ẹnikẹ́ni ti yẹ ilẹ̀ náà wò. Ó ní sọ̀féyọ̀ ti wá. Ṣé sọ̀féyọ̀ ni mo bi í? Àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fín lára wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀, kò tiẹ̀ wò ó.

Gbogbo wa la mọ Erédò Súngbọ́. Gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 160 yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Láwọn ibòmíì, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20. Láti 1995 ló ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Ìwé ṣì wà níbẹ̀, yàrà la ń dí pa.

Àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ìkọ́lé ń kọ́? Wọ́n á béèrè owó, wọ́n á béèrè pílánù, wọn ò ní béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Òfin wà o. Ti 1979 wà fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ti 1992 wà fún àyẹ̀wò àyíká kí iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń tẹ̀ lé e?

Ní 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ ní Ilé-Ifẹ̀ ló ṣèèṣì kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń wò lónìí. Ká ní katapílà ni, ta ni ì bá rí wọn?

Kí ìjọba má fọwọ́ sí ilé kankan nítòsí Erédò mọ́, àfi tí awalẹ̀pìtàn bá kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ náà wò, kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé sì san owó rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni wọ́n máa wà. Wọ́n á fẹsẹ̀ rìn ín já, wọ́n á wa kòtò kéékèèké káàkiri, wọ́n á máa bó ilẹ̀ ní ìpele-ìpele, wọ́n á jọ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lásẹ́, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Èédú lásán lè jẹ́ kí wọ́n mọ bí ibẹ̀ ṣe pẹ́ tó. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, kí wọ́n máa kọ́lé lọ. Bí wọ́n bá rí, kí wọ́n sún fẹ́ǹsì sẹ́yìn. Ní Bìní, ìwalẹ̀ ló ṣáájú níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ mùsíọ́mù tuntun sí. A ò sì ní torí ẹ̀ lọ gbé òyìnbó wá, Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni níṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń ta púlọ́ọ̀tì kan ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù ò lè sọ pé òun ò rówó ìyẹn san.

Kí wọ́n ri òkúta ààlà sétí yàrà náà pẹ̀lú. Kí àwọn baálẹ̀ sì yéé fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn ò dé.

Mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì tọ́rọ̀ kàn, wọn ò dáhùn. Bóyá wọ́n máa ń ka ìwé ìròyìn.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan,
Ìpínlẹ̀ Èkó.