Àbẹ̀kẹ́, má tíì kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo gbọ́ fọ́ìsì nóòtì tó o fi ránṣẹ́ lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, ìgbà kẹta ni mo tó mọ̀ pé ẹkún lò ń sun níbi tó o ti dákẹ́ yẹn. Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Ǹ bá pè ẹ́ àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, mo sì fẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ kó o lè máa padà kà á, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ látàárọ̀, kò síná ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, báttìrì fóònù ló ń lé mi.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni pé má tíì kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn. Jọ̀ọ́. O ní kí wọ́n tó mọ̀ níbi iṣẹ́ ẹ n'Ílùú Ọba lọ́hùn-ún pé àyà ẹ ń já, pé o ò lè wọ bọ́ọ̀sì mọ́, wàá ti yọ ara ẹ kúrò wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mi ò kàn sọ ọ́ fún ẹ tán nígbà yẹn ni.

Ṣé o rántí ilé-ìwé àdáni tí mo ti ń ṣe tíṣà lọ́dún 2016? Gbogbo yín lẹ rò pé ibà ló lé mi kúrò níbẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Ní asẹ́ḿbílì ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí n bọ́ síwájú kí n bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, àfi bí àyà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lù bíi pé wọ́n ń gúnyán nínú ẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, èémí ò délẹ̀, mo rò pé ikú ló dé. Láti ọjọ́ yẹn, tílẹ̀ bá ti ń mọ́ lọ́jọ́ Monday ni ẹ̀rù á ti máa bà mí, màá wọ ọ̀kadà, màá tún ní kó yí padà lójú ọ̀nà. Mo ń sọ fún wọn pé ibà ni, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo ní táífọ́ọ̀dù ni. Màmá mi gbé mi lọ sórí òkè àdúrà, wọ́n ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Mi ò bínú sí màmá o, ìfẹ́ ló sún wọn ṣe é, wọ́n ò mọ orúkọ míì tí wọ́n lè pè é.

Nígbà tó yá ẹni tó ni ilé-ìwé pè mí, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Àǹtí, ẹ kúkú kọ ìwé pé ẹ fẹ́ lọ sinmi." Mo kọ ọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, mo tún dúpẹ́ nínú ẹ̀. Owó oṣù tí wọ́n jẹ mí wọlẹ̀ síbẹ̀, torí ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde, ta ló fẹ́ dì mú? Ohun tó ṣì ń dùn mí dòní nìyẹn, pé èmi fúnra mi ni mo bá wọn kọ ọ́.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà kí dókítà kan tó jókòó tì mí, tó bi mí léèrè dáadáa, tó wá sọ pé anxiety ni, ìyẹn àìsàn ìpayà, pé àìsàn gidi ni, ó ní ìtọ́jú. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé ṣé wọ́n fẹ́ gbé mi lọ Aro ni, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta. O mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń fi Aro dẹ́rù bà wá ní kékeré, bẹ́ẹ̀ ibi tí Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn sọ́dọ̀ ará abúlé níbi tí ẹbí wọn ti lè wà pẹ̀lú wọn nìyẹn láti 1954, nǹkan iyì ló yẹ kó jẹ́ fún wa. Dókítà ní rárá, ilé mi ni màá ti máa wá. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 301 ló ní irú ẹ̀ lágbàáyé lọ́dún 2019. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń sá pamọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi iṣẹ́ yẹn, mo rò pé èmi nìkan ni.

Wàyí o, òfin. Lọ́dún tí wọ́n lé mi yẹn, kò sí èyí tí mo lè dì mú ní Nàìjíríà níbí, òfin tó wà lórí àìsàn ọpọlọ ṣì ni Lunacy Act ayé òyìnbó, ìyẹn òfin wèrè, orúkọ ẹ̀ nìkan ti tó láti jẹ́ kéèyàn sá. January 2019 ni Buhari tó buwọ́ lu òfin tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yan akàndá ẹ̀dá jẹ, kì í sì í ṣe ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn tàbí tí kò ríran nìkan ló dárúkọ, ó ka ti ọpọlọ náà mọ́ ọn, tó bá ti pẹ́ lára èèyàn tó sì ń dí i lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ tó bá rú u, ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà, ẹnì kan péré, 100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. January 2023 ni òfin ìlera ọpọlọ tuntun wá rọ́pò Lunacy yẹn. Mi ò ní purọ́ fún ẹ pé gbogbo ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Òfin 2019 ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà nílé ìwòsàn ìjọba fún ẹni tó ní ìpèníjà ọpọlọ, síbẹ̀ owó àpò mi ni mo fi ń ra oògùn. Inú ń bí mi sí i gan-an. Àmọ́ nígbà tí mo ríṣẹ́ síbi tí mo wà báyìí, mo gbé lẹ́tà dókítà lọ bá ọ̀gá, mo ní mi ò lè darí asẹ́ḿbílì, kí wọ́n fún mi ní kíláàsì tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, tó bá sì dé sí mi kí wọ́n jẹ́ kí n jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n kà á, wọ́n ní kò burú. Ọdún kẹta rèé.

Tìẹ tiẹ̀ dáa ju tèmi lọ níbi tó o wà yẹn. Mo ka ojú ewé ìjọba ìlú ọba fúnra mi, mo tún bi àbúrò mi tó ń ṣe lọ́ọ́yà n'Íbàdàn. Òfin wọn, Equality Act 2010, sọ pé àìsàn tó bá ń dí èèyàn lọ́wọ́ gidi nínú ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́, tó ti pé oṣù méjìlá tàbí tó jọ pé yóò pé, ìpèníjà ni lójú òfin. Tìẹ ti lé lọ́dún kan, o ò lè wọ bọ́ọ̀sì, kí ló tún kù? Oògùn tiẹ̀ lè mú kó rọ̀, bó ṣe máa rí láìsí oògùn ni òfin ń wò. Kò wo irú físà tó o ní. Tó bá sì ti kàn ẹ́, dandan ni kí wọ́n tún nǹkan ṣe fún ẹ níwọ̀n tó bọ́gbọ́n mu, bíi kí wọ́n yí àkókò iṣẹ́ ẹ padà kó o má bàa wọ bọ́ọ̀sì tí èrò kún. Wọn ò gbọdọ̀ yọ owó ẹ̀ lára owó oṣù ẹ. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀, Àbẹ̀kẹ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà! Ohun tó ò ń fi pamọ́ yẹn gan-an ni òfin fẹ́ kí wọ́n mọ̀ kó tó lè gbèjà ẹ.

Físà ẹ so mọ́ iṣẹ́ yẹn, tó o bá wá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ibi iṣẹ́ ẹ á sọ fún Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, ọjọ́ 60 ni wọ́n sì sábà máa ń fi sílẹ̀ fún èèyàn láti wá ibòmíì tàbí kó padà sílé. Ṣé àyà tó ń já báyìí ló fẹ́ gbé ìyẹn?

Lọ rí GP ẹ, dókítà àdúgbò tó o forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, lọ́sẹ̀ yìí. NHS Talking Therapies, ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí ilé ìwòsàn ìjọba ń ṣe, wà ní England, ìwọ fúnra ẹ lo máa forúkọ sílẹ̀, kò dìgbà tí dókítà bá kọ̀wé. Tí ara ò bá gbé iṣẹ́, ọjọ́ méje àkọ́kọ́ o ò nílò ìwé dókítà, lẹ́yìn ẹ̀ ni wàá gba fit note, ìwé dókítà yẹn. Owó àìsàn látọwọ́ ibi iṣẹ́ kì í ṣe owó ìjọba, kò kan físà ẹ. Àmọ́ PIP tí ẹnì kan sọ fún ẹ yẹn, owó ìrànwọ́ fún akàndá ẹ̀dá, owó ìjọba nìyẹn, má fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé o kọ́kọ́ bi Citizens Advice, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn. Tí wọ́n bá sì ń fa ọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, pe Acas, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti lẹ́tà, má kọ pé "ara mi ò yá". Kọ pé ó ti pẹ́ tí anxiety ti ń bá ẹ jà, kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kọ ohun tó ò lè ṣe nítorí ẹ̀, kọ ohun tó o fẹ́ kí wọ́n yí padà, kó o sì dárúkọ Equality Act níbẹ̀. Ímeèlì ni kó o fi ránṣẹ́ kó lè lọ́jọ́ lórí. Kọ ọ́ sí mi ná ká jọ wò ó.

Màmá ẹ wà dáadáa, mo rí wọn lọ́jà lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń bi mí pé kí ló dé tí ohùn ẹ ń fúyẹ́ lórí fóònù, mo ní òtútù ni. Ìwọ lo máa sọ fún wọn.

Fi ọjọ́ tó o fẹ́ lọ rí dókítà ránṣẹ́ sí mi. Tó o bá ti dé bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù, pè mí, màá wà lórí ẹ̀ títí wàá fi sọ̀.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́