Ohùn Adépọ̀jù kì í ṣe ohùn alágbo

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ló bí mi tí mo fi gbé bírò, n kò ní purọ́. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo tan rédíò, ohùn akéwì wa, Láńrewájú Adépọ̀jù, ni mo gbọ́. Orí mi wú. Mo ní ó ṣe, wọ́n rántí bàbá. Àṣé n kò tíì gbọ́ nǹkan kan! Ọkùnrin kan ló já lu ewì náà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í polówó agbo jẹ̀dí. Bàbá ń kéwì lábẹ́lẹ̀, alágbo ń ka nọ́ńbà fóònù lé e lórí. Nígbà tó parí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó wà lórí afẹ́fẹ́ ní, “Ẹ ò gbọ́ bí bàbá àgbà kan ṣe ń kéwì!” Bàbá àgbà kan! N'Ìbàdàn níbí!

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ̀ ń kàwé ìròyìn yìí mọ ẹni tí mò ń wí. Àwọn ọmọ tó jókòó ti ẹ̀rọ rédíò báyìí ni mo ń bá wí. Ẹni tí kò rílé ìwé lọ, tó fúnra rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ níwèé, ló kọ Ìrònú Akéwì tó jáde ní 1972. Orí rédíò la ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kó tó di pé àwo rẹ̀ gba ìgboro kan. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ lọ ní 1987, àwo tó fi dárò rẹ̀ pa ẹlòmíràn lẹ́kún ju ìròyìn ikú gan-an lọ. Ológun ni kò bá wí ni, àbí olóṣèlú? Ẹni ọdún 83 ni nígbà tó jáde láyé lóṣù Kejìlá 2023, ìyẹn kò tíì pẹ́ tí èèyàn fi lè sọ pé òun ti gbàgbé.

Ní ti àwọn olóṣèlú wa, ṣebí ẹ rí wọn nígbà náà? Oníkálùkù ló ń gbé ìwé ìkẹ́dùn síta. Wọ́n ní àjànàkú ṣubú, àwọn kò ní jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. Mo ń wọ̀nà títí dòní. Ọ̀rọ̀ àṣà kì í dùn lẹ́nu wọn àfi níbi òkú àti nígbà ìbò.

Mo bi ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rédíò léèrè ibi táwọn téèpù àtijọ́ wà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ti gba ètò mìíràn lé òmíràn lórí, ìyókù sì wà níbi tí òjò ń jò sí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Mo rí ibi tí wọ́n kọ orúkọ Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, akéwì mìíràn, sí ewì Adépọ̀jù. Ẹni tó bá létí kò lè ṣi àwọn méjèèjì gbọ́ láéláé. Èyí tó dùn mí jù náà ni mo tún ń wí: kí wọ́n mú ewì ẹni ẹlẹ́ni, kí wọ́n fi ta agbo, kí wọ́n má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe rèé. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ń bèèrè, ní Cultural Centre tó wà ní Mọ́kọ́lá. Kí ìjọba kéde pé kí gbogbo ẹni tó ní àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì Adépọ̀jù nílé gbé e wá, kí wọ́n dà á sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n dá a padà fún olóhun. Kí wọ́n pe àwọn ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn láti kọ ewì náà sílẹ̀ tàmì-tàmì, kí wọ́n sì fún wọn lówó, kì í ṣe ọpẹ́. Kí wọ́n kọ ọdún tó jáde àti ohun tó fà á sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ọmọ òní kò lè mọ ìjọba tí bàbá ń fọ́ lójú. Ilé iṣẹ́ rédíò tó bá fẹ́ lò ó, kó wá síbẹ̀, kó dárúkọ akéwì kí ewì tó bẹ̀rẹ̀, kó sì sanwó fún ẹbí. Ẹni tó bá fẹ́ fi polówó ọjà, kó lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ bàbá. Bí wọ́n bá kọ̀, ó parí nìyẹn.

Kí WAEC náà wo bí wọ́n ṣe máa fi ewì inú àwo kún iṣẹ́ ọmọ iléèwé. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ títì kan, èyí kò le.

Àwo tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kò há. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí yàrá yẹn, èmi ni n ó kọ́kọ́ débẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n já rìsíìtì fún mi o.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn